Ọ̀dà Etí Ọkọ̀

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí òun àti ọkọ rẹ̀ fi ṣe ilé, ìyá kan ti agolo ọ̀dà pupa sẹ́yìn, ó nawọ́ sí aláwọ̀ ìyeyè.

"Màmá, pupa ni gbogbo ará etí omi fi ń kun etí ọkọ̀ ní Braunston níbí," ni Wilf akunọ̀dà wí. "Ẹ fẹ́ kí wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Kí wọ́n máa ṣe é lọ. Ojú baálé mi ò ríran dáadáa mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, inú ọkọ̀ aládùúgbò ló wọ̀, ó rò pé ilé wa ni, ó sì bọ́ bàtà. Tíì ni wọ́n bù fún un."

"Bóyá tíì tiwọn ló dùn jù."

"Kùn ún, aláròyé."

Ọ̀dà ò tíì gbẹ tí bàbá fi yọ lábẹ́ afárá, tó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Ó dúró lójijì.

"Ta ló sọ ọkọ̀ mi di ẹnu pẹ́pẹ́yẹ?" ó jágbe láti ọ̀hún.

Ìyá náà fi apá nu ojú, ó ní kí Wilf tún fi ìyeyè yẹn kan náà kùn ún lẹ́ẹ̀kejì.