Àlejò Ọyẹ́ àti Abẹ́ Apá Rẹ̀

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà o. Etí oko ọkà bàbà ló já sí, ó sì bá Àparò níbẹ̀.

Nígbà èwe Àparò, ẹyẹ àjèjì kan máa ń bá ọyẹ́ dé, wọn a jọ ṣeré. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Lọ́dọọdún, Àparò á tọ́jú àkọ́so ọkà dè é, á sì máa dárin fún àwọn ọmọ rẹ̀:

"Ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀ lọ́nà."
*Báwo la ó ṣe mọ̀ ọ́n?*
"Abẹ́ apá rẹ̀ pupa fòò."
*Báwo la ó ṣe mọ̀ ọ́n?*
"Ara rẹ̀ ń dán bí oòrùn."
*Báwo la ó ṣe mọ̀ ọ́n?*

Ẹyẹ náà kò dán rí; àárò ló fi dídán yẹn kún orin.

Lọ́jọ́ kan, ẹyẹ kan tó rù, tí eruku bò, bà sórí ebè. "Ọ̀rẹ́ mi, ó tó ọjọ́ mẹ́ta o!"

Àparò, tí aṣọ tirẹ̀ náà pọ́n, wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Ọ̀rẹ́ ta ni? Ọ̀rẹ́ tèmi ń dán bí oòrùn. Ọkà ọlọ́kà lo fẹ́ jẹ. Kúrò níbí!"

Àlejò na apá, ó fò. Abẹ́ apá náà sì pupa fòò. Àparò ké, ó fò tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n àparò kì í fò jìnnà.

Nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ gbe orin: "Báwo la ó ṣe mọ̀ ọ́n?"

Àparò wo ọkà tó kó pamọ́. "Ẹnikẹ́ni tó bá dé, ẹ kọ́kọ́ fún un lóúnjẹ."