Lẹ́yìn Gíìgì Mẹ́rin

Lọ́jọ́ tí aago ọwọ́ olówó ńlá kan sọnù ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Balbriggan, nílẹ̀ Ireland, ọ̀dọ̀ Adélékan ni kọ́kọ́rọ́ àpótí gíláàsì wà. Òun ni ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀. Fọlákẹ́, ìyàwó rẹ̀, ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, tó ń nù ún. Tòkunbọ̀, tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, ló ń jókòó wo ohun tí kámẹ́rà ń rí.

"Kámẹ́rà á jẹ́rìí mi," ni Adélékan wí.

Tòkunbọ̀ mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, kò gbà á sílẹ̀. Kọ̀mpútà yìí ti gbó, bíìtì méjìlélọ́gbọ̀n ló ń lò. Tí fáìlì tí fídíò ń wọ̀ bá ti kún gíìgì mẹ́rin, ó parí nìyẹn, kò ní gbà mọ́. Kí aago tó sọnù ló ti kún."

Wọ́n dá Adélékan dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò rí ẹ̀rí tó lè mú un, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó máa ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kí i láti òkèèrè. Fọlákẹ́ bá a gbààwẹ̀. "Ọlọ́run á dá yín láre, Dádì Juliana," ló máa ń sọ, tó ń fi orúkọ ọmọ wọn pè é. Tòkunbọ̀ náà ò jìnnà sí wọn. Ọkọ̀ rẹ̀ ló ń gbé wọn relé lẹ́yìn ìsìn.

Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀bù ra kọ̀mpútà tuntun, èyí tó ń lo bíìtì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Michael, ọmọ Irish tó wá tò ó, ń kó àwọn fídíò àtijọ́ sínú rẹ̀ ló bá rí nǹkan. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ pe Adélékan.

"It's grand, nothing's lost," ni Michael wí, pé kò sí fídíò tó sọnù. Ó ṣàlàyé pé bí fáìlì kan bá ti kún, ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣí òmíràn, fídíò ọjọ́ tí aago sọnù sì wà níbẹ̀.

Tòkunbọ̀, tó wà nídìí kámẹ́rà bí ìṣe rẹ̀, dìde lórí àga. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó."

Gbogbo àdúrà tí wọ́n ti jọ gbà korò lẹ́nu Adélékan. "Ìwọ ni, Tòkunbọ̀? Ìwọ tí mò ń pè ní àbúrò?"

Adélékan ní kí Michael ṣí i.

Nínú fídíò náà, Fọlákẹ́ ti ọwọ́ bọ àpò kóòtù tí ọkọ rẹ̀ fi kọ́ sẹ́yìn káńtà, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó ṣí àpótí gíláàsì, ó ki aago náà bọ inú aṣọ rẹ̀, ó wá gbójú sókè sí kámẹ́rà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹni tó mọ̀ pé ó ń wo òun.