Akọ̀wé Kóòtù Tó Fọwọ́ sí Iṣẹ́ Tí Kò Jẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ ọ́. Akọ̀wé kóòtù kan wà, ọ̀lẹ ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ tó ń sùn ṣáá o! Ọ̀lẹ tó ń fi bírò ṣe ohun tó yẹ kó fẹsẹ̀ ṣe ni. Fọwọ́síi làwọn èèyàn ń pè é.

Iṣẹ́ rẹ̀ ò ṣòro. Bí káńsù bá pe ẹni tó jẹ owó ṣọ́ọ̀bù lẹ́jọ́, òun ló máa mú ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ bá onítọ̀hún, á fi lé e lọ́wọ́, á padà wá sí kóòtù, á sì búra sínú ìwé pé òun ti jíṣẹ́. Káńsù ló yẹ kó sanwó gbogbo ìwé tó bá mú lọ. Káńsù ò san nǹkan kan. Ọdún kìíní, "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ọdún kejì, "ọ̀gá ò tíì dé." Bàtà rẹ̀ já, ó rán an, ó tún já. Òótọ́ ni pé wọ́n jẹ ẹ́ lówó, ẹnikẹ́ni ò lè jiyàn ìyẹn.

Nígbà tó sú u, ó jáwọ́ nínú rírìn. Tí ìwé bá ti dé, á jókòó sábẹ́ fáànù, á máa fọwọ́ sí i: mo ti fún un, mo ti fún un, mo ti fún un.

"Ọ̀gá," ni obìnrin tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì wọn wí lọ́jọ́ kan, "àná tẹ́ ẹ ní ẹ gbé ìwé mẹ́rìnlá yìí kiri, ṣebí ọsibítù lẹ wà látàárọ̀?"

"Ìwọ tẹ tìẹ jàre. Ìjọba tí ò sanwó bàtà, ṣé ó mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà ni?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn o. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Lóòótọ́, ọsibítù ló wà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Opó ni, torí náà akọ̀wé yìí ló bá a fọwọ́ síwèé dókítà. Nọ́ọ̀sì ti kọ orúkọ àti gbogbo ẹ̀ síbẹ̀ tán. Òun kàn fọwọ́ sí i ni, kò kà á. Àǹtí ni gbogbo ilé ń pe obìnrin náà. Òun ló tọ́ ìyàwó akọ̀wé dàgbà. Télọ̀ ni, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì péré ló ní láyé. Ọdún mọ́kànlá tí akọ̀wé ti di àna wọn, kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Ta ló ń pe ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ̀ lórúkọ?

Kí ara Àǹtí tó yá, káńsù ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, wọ́n ti lu ẹ̀rọ méjèèjì ní gbàǹjo. Wọ́n ní wọ́n pè é sí kóòtù, kò yọjú. Ẹkún ló sun wọ ilé akọ̀wé.

"Ọkọ wa, mi ò rí ìwé kankan o. Tí mo bá rí i, ṣé mi ò ní sáré wá bá yín ni?"

"Ẹ dákẹ́, Àǹtí. Àwa akọ̀wé mẹ́ta la wà níbẹ̀. Èyí tó bá ṣe irú ìyẹn, Ọlọ́run á mú un! Màá wo fáìlì yín."

Kò wò ó.

Nígbà tó di ọdún kẹfà tí wọn ò ti sanwó, akọ̀wé pe káńsù lẹ́jọ́ kí wọ́n san gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin tó ń tẹ̀wé bẹ̀ ẹ́: "Ọ̀gá, èyí tẹ́ ẹ jẹ́ lóòótọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ kọ."

"Kí n wá fẹnu ara mi sọ pé mo búra èké? Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa san."

Ó ti ṣèlérí fún Àǹtí pé owó yẹn lòun máa fi ra ẹ̀rọ tuntun fún un. Ni Àǹtí bá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ẹjọ́ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ ọ, òun àti àbúrò rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kejì, wọ́n ń ṣe àmín lábẹ́lẹ̀.

Lọ́yà káńsù, ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, kàn fa ìwé kan yọ láàárín àwọn tí akọ̀wé fọwọ́ sí. Ó ka déètì ẹ̀, ó ka orúkọ àti nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, ẹ rántí ẹni yìí?"

"Dáadáa."

"Ọwọ́ ẹ̀ lẹ fi ìwé lé?"

"Ọwọ́ ẹ̀ gan-an, nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ó tiẹ̀ bu omi fún mi mu."

Àǹtí dìde. "Orúkọ mi lẹ pè yẹn."

Adájọ́ ní kó bọ́ síwájú, kó búra. Ó búra tán, ó wo àbúrò rẹ̀. "Lọ́jọ́ yẹn, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo wà, wọ́n la ikùn mi. Ẹni tó fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó là á ló dúró síbẹ̀ yẹn."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Àǹtí ò pariwo. Ó kàn yíjú sí i ni.

"Ọkọ wa, ọdún mọ́kànlá. Ẹ ò mọ orúkọ mi?"



Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù látòkèdélẹ̀, àtòótọ́ àtirọ́, torí ọwọ́ kan náà ló kọ gbogbo ẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé. Wọ́n tún dá ẹjọ́ ìbúra èké fún un, ọdún méjì lẹ́wọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ kẹ́rù, ó tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Àǹtí ń fi ọwọ́ lásán rán aṣọ lẹ́nu ọ̀nà ilé onílé báyìí. Káńsù ńkọ́? Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n lọ jẹun ọ̀sán. Akọ̀wé tuntun tí wọ́n gbà, wọn ò tíì san tiẹ̀ náà.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ ká mú níbẹ̀ rèé. Ẹni tí wọ́n bá jẹ ní gbèsè ló yẹ kí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ jù, torí àbàwọ́n kan ṣoṣo ni ajigbèsè ń wá. Má fi ìyà tí wọ́n fi jẹ ọ́ jẹ ẹlòmíì. Má sì fọwọ́ sí ohun tí ẹsẹ̀ ẹ ò dé, tójú ẹ ò kà. Orúkọ tó wà nínú ìwé yẹn, èèyàn ni. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé Àǹtí nìkan la sunkún fún. Àwọn mẹ́tàlá yòókù tí akọ̀wé fọwọ́ sí ìwé wọn lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Àwọn náà lẹ́ni tó ń pè wọ́n ní Àǹtí.