Kọ́tìnì Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́

"Ẹ dúró sẹ́yìn kọ́tìnì yìí," ni oníbàárà náà wí, ó sì tún sáré jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ó ti sú oníkọ́tìnì. "Ìyá mi, ṣé kọ́tìnì lẹ ń rà ni, àbí ọkọ lẹ ń yàn?"

Oníbàárà ò rẹ́rìn-ín. "Òjìji yín nìkan ni mo ń rí. Mi ò rí ojú yín."

"Ìyẹn ò dáa. Èyí tó nípọn ló ń bo àṣírí ilé."

"Èyí ni mo fẹ́. Ẹ bá mi gé e."

Nílé, ó fi í kọ́ sójú fèrèsé, ó gbé kóòtù ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé kọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó tan iná, ó sáré bọ́ sí títì.

Ọkùnrin kan dúró lójú fèrèsé.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ obìnrin náà, síbẹ̀ ó kan ilẹ̀kùn.