Kòkòrò Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Télọ̀

Bàbá onílé ń lu ilẹ̀kùn gbì gbì gbì.

"Télọ̀! Kí ló ń kùn fùùn níbí? Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá ń sin nǹkan ọ̀sìn máa kó jáde lónìí!"

Télọ̀ dìde nídìí maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Ibo ló fẹ́ kó maṣíìnì lọ, pẹ̀lú ike kòkòrò abìwo tó ń sìn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?

Ó ṣílẹ̀kùn. "Bàbá, kò sí ológbò, kò sí adìyẹ."

Fùùùn! Kòkòrò kan fò jáde, ó bà sórí fìlà bàbá.

Télọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ ṣàánú mi, sà!"

Bàbá rọra mú kòkòrò náà, ó fọwọ́ kan ìwo orí ẹ̀. Omi lé ròrò sójú bàbá.

"Ó níwo, akọ ni! Ológbò ayálégbé kan ló jẹ akọ tèmi. Abo mẹ́ta ti di opó ní yàrá mi.

Dìde, àna mi!"