Fáànù inú Ẹ̀rọ Étienne

“Bí Màmá bá lè jí ẹ̀rọ Pàpá, kí ló dé tí kò jí Pàpá fúnra rẹ̀?”

Ìdí oúnjẹ ọ̀sán ni Sabrina ti béèrè ọ̀rọ̀ náà, lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Dorothée, ìyá rẹ̀, tẹjú mọ́ àwo. Ìyá Àgbà, tó bí Étienne, bàbá Sabrina tó ti kú, ń ṣa egungun ẹja jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Joachim, ẹ̀gbọ́n Étienne, wúkọ́.

Ó yíjú sí Dorothée. “Ìyàwó wa, o gbọ́ ohun tí ọmọ ń wí. Ó tó kí a gbé ẹ̀rọ yẹn kúrò nílé.”

Ó ti ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun bọ̀ láti Lomé. Ó wà nínú páálí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ohun tó fẹ́ ni pé kí Arsène, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nítòsí ọjà Atakpamé, wá gbé ti Étienne, kí ó tú u, kí ó máa fi ẹ̀yà ara rẹ̀ tún òmíràn ṣe.

“Kò ní kúrò lórí tábìlì yìí,” ni Dorothée wí.

“Bó bá jẹ́ iṣẹ́ Étienne lo ń rò, Arsène á kó o sínú tuntun fún ọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní Kamina, gbogbo rẹ̀ pátá.”

“Ohun tí mo ń fẹ́ lára rẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ tuntun kò lè ṣe é.”

“Olórí kunkun.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ̀rọ tó ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo máa ń bi Étienne pé ṣé ìwé ló ń kọ ni, àbí ẹ̀gẹ́ ló ń lọ̀.”

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó sì yára pa ẹnu mọ́.

“Bí n kò bá tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú,” ni Dorothée wí, “ẹ pe Arsène lọ́la. Bí mo bá tún un ṣe, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ Arsène fún mi nínú ilé yìí mọ́.”

“O ò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí.”

“N kò bímọ rí kí n tó bí Sabrina.”

Joachim gbé àga rẹ̀ jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

Kí ọjọ́ Ìsinmi yẹn tó dé, Arsène fúnra rẹ̀ ló ta fáànù kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ fún Dorothée. Méjì ló gbé síwájú rẹ̀: ọ̀kan tuntun, tí kò pariwo rárá, àti àlòkù kan tó yọ lára irú ẹ̀rọ kan náà. Ó kìlọ̀ fún un pé àlòkù yẹn ń ké. Òun ni Dorothée mú.

Aránṣọ ni Dorothée. Lọ́sàn-án yẹn, ó tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì, ó dojú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ náà dé e, ó sì fi ẹfun ìránṣọ fa ìlà yí i ká, bí ẹni tó fẹ́ gé bùbá. Ìṣó kékeré tó bá lọ́ jáde, ó tò ó sí ibi tó ti yọ ọ́ gan-an nínú àwòrán náà. Nígbà tí ìdérí ṣí, ó kọ́kọ́ yọ wáyà bátìrì. Fáànù wà ní igun, ọ̀pá bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ sí ìdí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, àyè kan wà tó ṣófo. Ó fẹ́ ekuru kúrò níbẹ̀, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Òwú funfun ló lọ́ mọ́ abẹ fáànù náà.

Dorothée mọ òwú yẹn. Nígbà ọyẹ́, Ìyá Àgbà fi aṣọ tó fọwọ́ hun bo ẹ̀rọ náà nítorí ekuru, bó ti máa ń bo rédíò rẹ̀. Ẹ̀rọ wà ní títàn lọ́wọ́, bí Dorothée ti máa ń tàn án lálaalẹ́ láti ìgbà tí Étienne ti kú. Nígbà tó yá, òórùn ìjóná gba ilé, láti ọjọ́ náà ló sì ti dákẹ́.

Ìyá Àgbà súnmọ́ tábìlì. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ojú gbogbo ilé ti ń pọ́n fún àìsùn láti ìgbà ọyẹ́. “Kí lo rí níbẹ̀?”

“Ekuru ni, Ìyá.”

“Ekuru nìkan?”

“Ekuru ọyẹ́.” Ó ká òwú náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

Fáànù wọlé sí àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n orí wáyà rẹ̀ kéré ju ìka lọ, kò fẹ́ wọ ihò. Oòrùn ń wọ̀. Joachim dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yán.

“Ilẹ̀ ń ṣú, ìyàwó wa.”

“Ẹ tan iná tẹlifóònù yín wá, ẹ̀gbọ́n. Mo ti rí i pé ó ń ṣú.”

Ó wá. Ó tan iná sí i. Dorothée fi ìdí abẹ́rẹ́ ti orí wáyà náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wọlé. Ó dá bátìrì padà, ó dá ìṣó padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé ẹ̀rọ náà dìde kọ ojú sí ara rẹ̀ nìkan, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Fáànù ké.

Joachim pa iná. Kò dárúkọ Arsène. Ó gbé páálí tuntun rẹ̀ lọ sí yàrá.

“Ṣé iṣẹ́ Pàpá ti padà?” ni Sabrina béèrè.

“Lọ sùn.”

Dorothée kò wo lẹ́tà funfun tó ń sọ pé kò sí ohunkóhun nínú ẹ̀rọ náà, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló yọ dísìkì tí gbogbo iṣẹ́ Étienne wà nínú rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ín, tó sì gbé e fún Antoine ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Anié. Ó kọ ojú ẹ̀rọ òfìfo náà sí ògiri, ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn yàrá sílẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó máa ké bó ti máa ń ké nígbà tí Étienne bá ń kọ̀wé lórí tábìlì yẹn lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, títí Sabrina fi sùn, tí Ìyá Àgbà sùn, tí Joachim ń hanrun, tí oorun sì gbé òun náà lọ lórí àga.