Aláràbarà àti Ẹja Àna Rẹ̀

Àwọ̀ lásán ni Aláràbarà máa ń wò lára ohun gbogbo, kì í béèrè ìwà. Iṣẹ́ àga tìmùtìmù ló ń ṣe, aṣọ tó bá ara wọn mu ló sì fi ń jẹun, ìyẹn làwọn oníbàárà fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mówó wọlé fún un ní ṣọ́ọ̀bù, òun náà ló fi ba ilé ara rẹ̀ jẹ́. Ó mà ṣe o!

Àpótí gíláàsì ńlá kan wà ní pálọ̀ rẹ̀ tó gùn tó àga ẹlẹ́ni mẹ́ta. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló ni ín. Nígbà tí bàbá náà kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni du ilé tàbí ilẹ̀. Àpótí yìí àti ẹja méjì inú rẹ̀ nìkan ló gbé. Ẹja pẹlẹbẹ ni wọ́n, wọ́n ń dán bíi ṣíbí tuntun, wọ́n sì ní ìlà dúdú lára, akọ kan, abo kan. Bí obìnrin náà bá ti fi ìka kan gíláàsì bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe, jẹ́jẹ́ ni wọ́n á wá bá a. Ìkòkò amọ̀ àtijọ́ kan wà nísàlẹ̀ omi náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń sá sí bí ẹ̀rù bá bà wọ́n.

Ó ṣe, Aláràbarà ṣe àga tuntun sí pálọ̀, pupa fòò, pẹ̀lú ìrọ̀rí aláwọ̀ búlúù. Pálọ̀ yìí ló fi ń ṣe àfihàn fún àwọn oníbàárà. Ó wo àga, ó wo ẹja, ó pòṣé.

"Ìyàwó, àwọn ẹja rẹ yìí dà bí aṣọ ọ̀fọ̀. Jẹ́ ká ra pupa àti búlúù kún wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi. Bàbá mi máa ń sọ pé kéèyàn tó kó ẹja pọ̀, kó kọ́kọ́ wádìí ìwà wọn. Èyí tó fẹ́ràn ìjà kò ṣe é fi sọ́dọ̀ onísùúrù."

"Ìjà kẹ̀? Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé mọ̀lẹ́bí ẹja epìyà ni tìrẹ àtàwọn aláwọ̀ wọ̀nyẹn? Ẹbí kan náà ni wọ́n!"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Bí ẹni pé kò rí ibi tí ọmọ ìyá ti ń lu ara wọn rí.

Láìpẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ bímọ, ìyàwó sì fẹ́ lọ bá a tọ́jú ọmọ. Kó tó jáde, ó fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sídìí gíláàsì. Ẹyin wínníwínní ló wà lára ìkòkò amọ̀, àwọn ẹja méjèèjì sì ń fi lẹbẹ́ fẹ́ omi sí i. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, wọn ò yé ẹyin rí.

"Ẹ bá mi ṣọ́ wọn," ó ní, omi ti lé sí i lójú. "Ẹ má fọwọ́ kan ìkòkò yìí o. Mi ò fẹ́ kí irú ẹja bàbá mi parun."

"Mo ti gbọ́," ni Aláràbarà dáhùn. Ìrọ̀rí ló ń tò.

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Oníbàárà ńlá kan ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo àga. Kíá, Aláràbarà gba ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta ẹja ọ̀sìn lọ. Àjákù aṣọ àga wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi í wé ẹja kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá òwú tó máa bá aṣọ mu. Ó mú ọ̀kan tó pupa yòò, tí iwájú orí rẹ̀ yọ gọngọ, ó sì mú àwọn búlúù mélòó kan.

"Bọ̀dá, ẹja wo ló wà nílé yín tẹ́lẹ̀?" ni obìnrin náà béèrè. "Torí onípupa yìí, ńṣe la máa ń dá a sìn. Àwọn búlúù náà, omi tiwọn yàtọ̀, àárín òkúta ni wọ́n sì ń gbé."

"Kò sí nǹkan kan nílé," ni Aláràbarà wí. Irọ́ náà ò tilẹ̀ há a lọ́fun.

Nígbà tó délé, ojú rẹ̀ tún lọ sára ìkòkò amọ̀. Kò bá àga mu! Ó gbé e jáde kúrò nínú omi, ó gbé e jù sí ẹ̀yìnkùlé nínú oòrùn, ó wá da àwọn ẹja tuntun sínú àpótí tí kò síbi tí ẹja kankan lè sá sí mọ́ nínú rẹ̀. Oníbàárà dé, ó yin àga, ó yin ẹja. Aláràbarà ń yọ̀ ṣìnkìn.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Oníbàárà kò tí ì pẹ́ tó lọ tí onípupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í lé gbogbo wọn kiri. Abo ẹja àna ń yí ká ibi tí ìkòkò wà tẹ́lẹ̀, kò kúrò níbẹ̀. Akọ rẹ̀ sì ń fi ara dí i, lẹbẹ́ rẹ̀ ti fà ya. Aláràbarà ki àwọ̀n bọ omi títí, kò rí onípupa mú. Ló bá sáré padà sọ́dọ̀ obìnrin ẹlẹ́ja.

"Ẹ gbà mí! Ẹ wá bá mi mú un, ó fẹ́ pa tìyàwó mi!"

"Háà! Ṣebí ẹ ní kò sí nǹkan kan nílé?"

Kí wọ́n tó dé, ẹja àna méjèèjì ti kú, wọ́n ti léfòó, Aláràbarà bá ní kí obìnrin náà wulẹ̀ fi onípupa sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn búlúù náà kú tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ tí ìyàwó dé, ìdí gíláàsì ló kọ́kọ́ lọ. Ó fi ìka kàn án. Onípupa sáré wá, ó la ẹnu, ó gbá gíláàsì gbì. Obìnrin náà wo ẹ̀yìn onípupa, bóyá àwọn ẹja bàbá rẹ̀ ń bọ̀. Kò rí ìkankan. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó rí ìkòkò bàbá rẹ̀, àwọn ẹyin ti gbẹ mọ́ ọn lára bí ìyẹ̀fun.

Aláràbarà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Dárí jì mí. Màá ra irú wọn. Màá ra mẹ́wàá!"

"Níbo lẹ ti fẹ́ ra èyí tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́?" Kò pariwo. "Ẹ ti jẹ́ kí n sin bàbá mi lẹ́ẹ̀kejì."

Àwọn ẹbí bá Aláràbarà bẹ̀ ẹ́, ó sì ní òun ti gbà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò jókòó ní pálọ̀ yẹn mọ́. Bó bá ń kọjá, ńṣe ló máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Onípupa nìkan ló kù nínú àpótí gbàràmù-gbaramu, òjìji ara rẹ̀ ló ń bá jà nínú gíláàsì. Ní ìrọ̀lẹ́, Aláràbarà nìkan ló máa ń jókòó tì í lórí àga pupa, tí á máa fún un lóúnjẹ. Àwọ̀ wọn bára mu rẹ́gí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Aláràbarà yé wa. Ìwà lẹwà. Kí a tó kó ẹni méjì sínú ilé kan, ìbáà jẹ́ ẹja, ìbáà jẹ́ èèyàn, ká béèrè ìwà wọn, torí pé ilé ńlá kì í parí ìjà, jíjẹ́ ẹbí kì í sọ oníjà di onísùúrù. Bí ẹnì kan bá sì fi ohun tó fẹ́ràn sí ìkáwọ́ wa, ká fetí sí ohun tó sọ dáadáa. Owó lè ra ẹja mìíràn, ṣùgbọ́n kò lè ra èyí tí òkú fi sílẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Kó má gbẹ̀yìn tiwa.